Òróró Inú Ìgò Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi ni mo fọ́ ojú òsì ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bàbá wa ló gbé igi, bàbá wa náà ló là á mọ́ ọn, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọ́ ojú yẹn. Odidi ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bí ẹ bá ka ìtàn mi tán tí ẹ ṣépè fún mi, mi ò ní bínú. Ẹ ṣáà kà á dé òpin.

Iṣẹ́ àwòrán ni wọ́n ń ṣe nílé wa, ojú èèyàn nìkan la sì ń yà. Bàbá bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bàbá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ló ń na kanfáàsì mọ́ igi, òun ló ń kàn án níṣòó. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń di búrọ́ọ̀ṣì mú kó tó mọ̀wé kọ. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Ata ni wọ́n ń pè mí, nítorí ẹnu mi àti ìbínú mi.

Òfin méjì ló wà nílé wa. Èkíní ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi àmì ìdílé sí àwòrán, ìyẹn ilà pupa kéékèèké mẹ́ta nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. O lè ya ojú, kí o ya aṣọ, kí o ya ìka ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bí àmì ò bá sí lọ́wọ́ rẹ, iṣẹ́ ẹlòmíì lo ṣe. Ẹni tó bá sì ti gbé àmì fún ẹlòmíì kò gbọdọ̀ ya ojú èèyàn mọ́ títí tó fi máa kú.

Òfin kejì ni pé oníkálukú ló ní ìgò òróró tirẹ̀ tó fi ń po ọ̀dà. "Ṣé ẹ máa ń yá ara yín ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni?" bàbá mi á wí. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìgò ẹlòmíì, igi ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Bàbá mi a máa nà wá gan-an ni. Bí imú tó o yà bá wọ́, o jẹgba. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì gbá mi níka, tí èékánná méjì ṣí kúrò. Bó bá sì nà wá tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ìpara sí ojú egbò, tí omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni wàhálà dé. Adájọ́ Àgbà kan fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí gbọ̀ngàn ilé ẹjọ́. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá. Bàbá pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọwọ́ mi ò ṣeé gbára lé mọ́," ó ní. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ ni o máa ya Adájọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí aṣọ lójú àwòrán yẹn, àmì ti di tìẹ."

"Èmi ńkọ́, Bàbá?"

"Ìwọ báwo?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ lóṣù tó kọjá pé ojú tí mo yà fún ìyàwó dókítà ń ṣe bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ata, ilé ọkọ lò ń lọ. Ṣé o fẹ́ kí n di àmì bàbá mi mọ́ ẹrù ìyàwó ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. "Má bínú, Ata. Bí mo bá gbà á, a ó jọ máa lò ó ni. Bàbá ò ní mọ̀."

Mo pòṣé sí i. Ó dùn mí pé àánú mi ń ṣe é. Títí dòní, mo mọ̀ pé kò parọ́, ì bá ti ṣe é.

Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó fún un. Mo máa ń gba ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi kọjá bíi pé mò ń wá àkísà, kí n lè yọjú wo kanfáàsì. Ojoojúmọ́ ni ojú náà ń jáde. Ó ya àgbà ọkùnrin náà tòun ti ìgbéraga rẹ̀, tòun ti ìbẹ̀rù tó fi pa mọ́ sábẹ́ ìgbéraga yẹn. Mi ò lè ya irú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, inú sì ń bí mi sí i nítorí pé mo mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Bí mo bá gbọ́ tó ń súfèé nídìí iṣẹ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fọ́ nǹkan mọ́ ọn lórí.

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan wà níwájú ilé wa. Mo mú agolo ìpara tó ti ṣófo, mo lọ bá ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun díẹ̀ sí i."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Maṣíìnì tí ìyá mi fi ń ránṣọ ló ń pariwo."

"Ọ́ìlì mọ́tò fún maṣíìnì? Ṣé ẹ fẹ́ kó máa sáré ní títì márosẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bù ú fún mi, ó sì ń wò mí títí mo fi wọlé. Ọkùnrin náà ló di ọkọ mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi lọ wẹ̀. Mo da ìdajì òróró inú ìgò rẹ̀ nù, mo fi ọ́ìlì dípò rẹ̀, mo mì í pọ̀. Àwọ̀ wọn ò yàtọ̀. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Ohun tí mo rò ni pé ọ̀dà náà ò ní gbẹ bọ̀rọ̀, Bàbá á ní kò mọṣẹ́ tó, á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi. Mi ò ro ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbà mí gbọ́.

Ṣùgbọ́n òkè ọ̀dà náà gbẹ. Inú rẹ̀ nìkan ni ò gbẹ. Bàbá fi àtàǹpàkò kàn án, ó ní ó dáa, wọ́n fi fáníìṣì lé e, wọ́n da aṣọ bò ó. Mo lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ì bá kàn tún un yà, ká sì jọ rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ iwájú. Mo dákẹ́.

Gbọ̀ngàn ilé ẹjọ́ kún bámúbámú lọ́jọ́ náà. Ooru mú débi pé àwọn lọ́yà ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Àwọn oníkámẹ́rà tan iná ńláńlá sí kanfáàsì náà fún bíi wákàtí kan kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ tó parí. Ìyàwó Adájọ́ dìde, ó di etí aṣọ mú, ó fà á. Aṣọ ò wá. Ó tún fà á tagbáratagbára.

Ojú Adájọ́ bá aṣọ lọ.

Ẹyinjú kan yọ̀ wálẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnu wọ́ dé ọrùn, imú lẹ̀ mọ́ ara aṣọ. Ẹnì kan lẹ́yìn wá ní, "Áà, wọ́n ti bó ọ̀gá bí ọ̀gẹ̀dẹ̀!" Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ jókòó síbẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ Adájọ́ gbá ẹ̀gbọ́n mi létí, ó fi ọrùn ẹ̀wù wọ́ ọ jáde. Orí àtẹ̀gùn ni àwọn méjì mìíràn ti bá a. Wọ́n ń fi bàtà gbá a níhà.

"Ta ló rán ẹ pé kó o wá fi ọ̀gá ṣẹ̀sín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tó ṣe é! Mi ò mọ̀!"

Bàbá kò bẹ̀ wọ́n. Ó dúró títí wọ́n fi gbá a tán, ó fà á dìde, a sì wọkọ̀ lọ sílé.

Yàrá iṣẹ́ ni Bàbá gbà lọ tààrà. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé àwòrán lé wà láàárín ilé. Ó fa ẹsẹ̀ kan yọ lára rẹ̀, ìṣó yọrí lẹ́nu rẹ̀.

"Ọgọ́ta ọdún!" ó pariwo. "Ọgọ́ta ọdún ni bàbá mi àtèmi fi kọ́ orúkọ yìí!"

Ó la àkọ́kọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Bàbá, mo po ọ̀dà yẹn bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi!"

"Irọ́!" Ó la èkejì mọ́ ọn lápá. Ìyá mi rọ̀ mọ́ Bàbá lọ́rùn, Bàbá gbọ̀n ọ́n dànù, ó fẹ̀yìn gbá ògiri.

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi: èmi ni. Kò ju ìyẹn lọ. Ẹnu mi ò ṣí.

Bàbá la ẹ̀kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó kàn rọra jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Igi bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. "Kí ni mo ṣe yìí? Ẹ gbà mí o! Kí ni mo ṣe yìí?" Ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ní ọsibítù, dókítà ní kò sí ohun tó kù nínú ojú òsì náà tí òun lè tún ṣe.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Bàbá pè mí. Kò wo ojú mi. "Gba àmì," ó ní. "Kò sẹ́lòmíì mọ́."

Ẹ gbọ́ mi o, mo gbà á. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà ti là fún mi. Mo ya àwọn ọ̀gá sójà, ọ̀gá báǹkì, ọ̀jọ̀gbọ́n, àti ìyàwó kejì àwọn tí ìyàwó àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ mọ̀. Wọ́n ń fi mí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí òdìkejì ìlú, ó ń kun ògiri ilé onílé. Ìtàn ti bá a débẹ̀. Ọ̀dà-ò-gbẹ ni wọ́n ń pè é. "Ọ̀dà-ò-gbẹ, ṣé n lè fẹ̀yìn ti ògiri yìí, àbí ó di ọdún tó ń bọ̀?" Níwájú mi ni oníbàárà kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ẹ̀gbọ́n mi bá a rẹ́rìn-ín, mo sì sáré wọ mọ́tò mi.

Ọkọ mi, ọmọlúàbí ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Kò sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò tíì gbọ́ bí èmi àti òun ṣe pàdé, tòun ti agolo ìpara. Bó bá ti fẹ́ sọ ọ́ níwájú àwọn òbí mi, mo máa ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, màá ní oúnjẹ ń tutù, màá ní ọmọ ń sunkún.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n ṣe ìpàtẹ àwòrán ìdílé wa, láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà títí dé ọ̀dọ̀ mi. A kó wọn jọ sí yàrá iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, ìyá mi ń nu eruku, ọkọ mi wà lórí àkàbà, ó ń fi òòlù kan ìṣó mọ́ ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ó gbé nǹkan kan dání tó fi ọ̀rá wé.

"Ẹ kó tèmi náà mọ́ ọn," ó ní, ó sì tú u.

Ojú Adájọ́ ni, bó ṣe yọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ tún ń gbé èyí kiri fún? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún fi wá rẹ́rìn-ín ni?"

Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ibi tó nípọn lára kanfáàsì náà, ó nà án sí Bàbá. Ọ̀dà tútù wà lórí rẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlá rèé, Bàbá. Òróró wa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ imú. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Ọ́ìlì mọ́tò," ó ní jẹ́jẹ́. "Ọ́ìlì mọ́tò ló wà nínú èyí."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín lórí àkàbà. "Ọ́ìlì mọ́tò kẹ̀? Bàbá, ẹ má bú ọ́ìlì o, òun ló fún mi níyàwó! Agolo ìpara ni Ata fi wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní maṣíìnì tí Màmá fi ń ránṣọ ló ń pariwo."

Mo ṣẹ́jú sí i. Kò rí mi.

"Maṣíìnì ta ni?" ìyá mi bi í.

"Tiyín ni, Màmá."

"Tèmi? Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi ń ránṣọ látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n rán. Mi ò ní maṣíìnì rí láyé mi."

Ìgò tapẹntáìnì ló wà nítòsí mi. Mo gbé e, mo jù ú lu ọkọ mi. "Ẹnu rẹ ò lè dákẹ́ láé!"

Ó bà á níwájú orí. Ó já bọ́ láti orí àkàbà, èjìká ló fi balẹ̀, gíláàsì fọ́ káàkiri, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ inú ojú rẹ̀. Ó ń wò mí bíi pé kò mọ̀ mí rí. Gbogbo wọn ń wò mí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti fi ọwọ́ mi jẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi di irun mi mú, ó la orí mi mọ́ tábìlì. Ó fi ọwọ́ kejì fa ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí a fi ń po ọ̀dà. Mo rí ẹnu ọ̀bẹ náà lábẹ́ ojú òsì mi, ó sún mọ́ mi débi pé ó di méjì lójú mi.

"Ìwọ ni?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní, ìwọ ni?" Ọ̀bẹ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Èmi ni."

Ìyá mi ti wà lórí eékún. "Mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ọ́! Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mu ún! Má fi ojú tiẹ̀ kún tìẹ fún mi!"

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò. Ohun tó gbà mí ni ariwo tó dún lẹ́yìn wa. Bàbá ti dìde. Ó ti mú òòlù tó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí àpótí, ó sì ń fi tòsì lù ú.

"Ọwọ́ yìí ni!" Ó tún là á. "Ọmọ mi ò ṣe nǹkan kan! Ọwọ́ yìí ni!" Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń fọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jù mí sílẹ̀, ó sáré di Bàbá mú látẹ̀yìn. Wọ́n jọ ṣubú. Ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá ọwọ́ tó ti wú náà mọ́ àyà. "Ó tó, Bàbá. Ó ti tó." Àgbà ọkùnrin náà ń ké bí ọmọ ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ń mì í jẹ́jẹ́.

Ìka mẹ́ta ni wọ́n dè fún Bàbá ní ọsibítù. Wọ́n rán iwájú orí ọkọ mi, wọ́n fi apá rẹ̀ kọ́rùn. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kò sọ ìtàn bí a ṣe pàdé mọ́. Bàbá kì í dáhùn bí mo bá kí i.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́. Ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n fi ń kun ilé. Mo kúnlẹ̀ sínú omi ọ̀dà náà. "Ẹ gba àmì, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ gba yàrá iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ojú mi lẹ fẹ́, mo mú un wá."

"Kí ni mo fẹ́ fi ojú rẹ ṣe? Dìde, aṣọ rẹ ń bàjẹ́." Ó gbọn búrọ́ọ̀ṣì. "Gbangba ni wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín. Gbangba ni kó o ti sọ ọ́. Kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn tí àwọn èèyàn máa ń kà bí wọ́n bá ń ṣerun, bí wọ́n bá ń dúró de dókítà. Ibi tí ẹnu ti máa ń yá wọn nìyẹn."

Ìdí tí ẹ fi ń ka èyí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ìlara àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n yín ń jẹ lára lọ́wọ́lọ́wọ́, mo mọ̀ pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún òun fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ jà, kẹ́ ẹ sunkún, kó tán síbẹ̀.

Kí n tó fi ìtàn náà ránṣẹ́, mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń gbọ́. Mo kà á dé ibi tí Bàbá ti la igi kẹta.

"Dúró," ó ní. "O ò kọ ọ́ tán."

"Kí ló kù, Bọ̀ọ̀dá mi?"

Ó yíjú sí mi. "Nígbà tí Bàbá la èkejì, mo wò ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú èèyàn niṣẹ́ wa, Ata. Mo ti rí i pé ìwọ ni."

"Ẹ mọ̀? Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo rí i pé ètè rẹ fẹ́ ṣí. Mo ní o máa sọ̀rọ̀ báyìí. Mi ò wo igi mọ́, ìwọ ni mò ń wò. Ǹ bá ti yẹ ẹ̀kẹta yẹn sílẹ̀ ká ní mo rí i. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń dúró dè ọ́." Ó padà sídìí ògiri tó ń kùn. "Kọ ìyẹn sí i."

Mo ti kọ ọ́.